Ìgbàgbé Eku, Arán Àgbà: Àyẹ̀wò Èdè Ìwádìí Ewé àti Àrùn Alzheimer

Ìfáárà

Ẹni tó bá gun Òkè Pátì ní Lọ́kọ́jà yóò gbọ́ pé orí òkè náà ni Flora Shaw ti wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, tó sì sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, 8 oṣù Kìn-ín-ní 1897, ni ó ti dábàá orúkọ náà. Ìtàn lè dùn, kí ẹ̀rí wà lọ́tọ̀. Òṣùwọ̀n yìí ni a fẹ́ fi wo àwọn ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí pé ewé kan ń wo àrùn Alzheimer, àrùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, tó sì wà lára ohun tí Yorùbá ń pè ní arán.

Ìgbàgbé tí a fún eku

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, scopolamine ni wọ́n máa ń fún eku. Ó ń dí acetylcholine, tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ, lọ́wọ́, eku a sì gbàgbé ibi tí pèpéle wà lábẹ́ omi, ìdánwò tí Richard Morris gbé kalẹ̀ ní 1981. Bí omi ewé bá jẹ́ kó tètè rí pèpéle náà, wọ́n á ní ewé náà ṣiṣẹ́. A kò bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà yìí. Ó wúlò láti fi ewé kan wé òmíràn. Ṣùgbọ́n bí agbára oògùn náà bá tán lára eku, iyè rẹ̀ a padà. Iyè àgbà tó ń ṣarán kì í padà bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí mìíràn kò tilẹ̀ dán ìrántí wò. Ní 2012, Ganiyu Oboh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ fi hàn pé ata ilẹ̀ pupa àti funfun ń dín agbára ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ acetylcholine kù. Inú ìgò ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú ọpọlọ eku. Àbájáde náà níye lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ pé "ata ilẹ̀ ń wo arán" ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ìsọ̀yè àti arán

Ní 2012 kan náà, Taiwo Elufioye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ewé tí àwọn ará Ṣágámù ń lò fún ìrántí àti láti dènà ogbó. Iṣẹ́ tó yẹ ni. Àríwísí wa ni pé ohun méjì ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ̀ ni ìsọ̀yè wà fún. Ẹni tó ti mọ̀ rí, tí ìmọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni arán ń ṣe.

Ọ̀nà tí ewé fi ń di oògùn

A kò sọ pé ewé kò lè ṣe é. Láti inú esere, ẹ̀wà olóró tí wọ́n fi ń dán afurasí wò ní Kàlàbá, ni wọ́n ti yọ physostigmine ní 1864. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé ṣe rivastigmine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000. Ó ń mú ìnira àrùn náà rọjú, kò wò ó sàn. Àwọn aláìsàn gan-an ni wọ́n fi dán an wò kí wọ́n tó tà á.

Bákan náà, àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni Adesola Ogunniyi, Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ lé fún ọdún púpọ̀. Ní 2001 wọ́n kéde pé ìwọ̀n àwọn tí Alzheimer ń bá lọ́dún jẹ́ 1.15 nínú 100 níbẹ̀, 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ẹ̀rí nípa ènìyàn nìyẹn.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹyin lohùn. Ìdílé tó gbọ́ pé "Yunifásítì ti dán an wò" lè ná owó ìtọ́jú bàbá wọn sórí àgbo. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n lè pe ìyá arúgbó tó ń ṣarán ní àjẹ́. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwa olùkọ́ èdè tó ń túmọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì máa sọ ohun mẹ́ta ketekete: ta ni wọ́n dán an wò lára, kí ló fa ìgbàgbé náà, àti pé ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Kí a fi "ìgbàgbé" sílẹ̀ fún eku, kí a fi "arán" sílẹ̀ fún àgbà.