Gunther Barth àti Àwọn Ará Ìlú Ńlá

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti Gunther Barth kò rí bẹ́ẹ̀. Jámánì ni a bí i sí ní 1925, kí ó tó di olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley. Ìwé rẹ̀, City People, tí ó jáde ní 1980, wádìí ohun tí ó sọ àwọn àjèjì di ará ìlú kan náà ní Amẹ́ríkà láàárín 1800 sí 1900. Ohun márùn-ún ni ó tọ́ka sí: ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé, ìwé ìròyìn, ilé ìtajà ńlá, pápá béèsìbọ́ọ̀lù àti ilé eré.

Mo gbà pé òótọ́ ni. Àjèjì tí ń ka ìwé ìròyìn ń kọ́ ìwà ìlú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ní iyàn kan. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ṣílẹ̀kùn fún. Títí di 1947 tí Jackie Robinson wọlé, ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ti àwọn adúláwọ̀ mọ́ta nínú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ńlá. Ẹni tí yóò bá wọn ìṣọ̀kan ìlú, kí ó ka àwọn tí a dá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé yìí pọ̀ mọ́ Bitter Strength, èyí tí Barth kọ ní 1964 nípa àwọn ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ń sọ ti àwọn tí ó wọlé. Èkejì ń sọ ti àwọn tí ilẹ̀kùn há mọ́.