Susan Kare àti Ọgbọ́n Àwòrán Kékeré

Iṣẹ́ Susan Kare, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ère onírin ni ó wà kí ó tó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ Apple, níbi tí ó ti ya áíkọ́ọ̀nù, ìyẹn àwòrán kékeré tí ń júwe iṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, fún Macintosh ọdún 1984. Orí ìwé alápòótí kéékèèké ni ó ti ń ya wọ́n, tí ó ń kun ojú àpótí 32 lọ́nà 32 lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà NeXT, ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ya káàdì eré Solitaire fún Windows 3.0 ní 1990. Ìyìn tọ́ sí ọwọ́ tí ó sọ ẹ̀rọ di ohun tí kò ṣàjèjì.