Bí Ọṣán Ṣe Ń Darí Ìlù: Àyẹ̀wò LFO Inú Vital

Vital jẹ́ synthesizer orí kọ̀ǹpútà tí Matt Tytel gbé jáde ní ọdún 2020. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà, nítorí náà kò kọjá agbára kíláàsì wa. LFO rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò: àmì ìdarí tí etí kì í gbọ́, ṣùgbọ́n tí a lè so mọ́ ohùn kí ó máa gbé e ròkè, kí ó máa gbé e rodò. Iṣẹ́ ọṣán dùndún gan-an nìyí. A kì í gbọ́ ọṣán. Bí onílù ṣe ń fún un, tó sì ń dẹ̀ ẹ́, ni ìlù ṣe ń fọhùn.

Ìrísí àmì tó wà nílẹ̀ nínú Vital ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láìsinmi. Ohùn á máa mì, kò ní sọ̀rọ̀. Àǹfààní Vital ni pé a lè fi ọwọ́ ara wa ya ìrísí mìíràn, kí a sì yan Envelope kí ó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ohùn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi igba, igbá, ìgbà àti ìgbá dán an wò. Ìlà tó tẹ́jú ní àárín ni igba. Igbá fò láti àárín sókè. Ìgbà náà tẹ́jú, àmọ́ ìsàlẹ̀ ló wà. Nítorí náà, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn nítòsí rẹ̀, a lè ṣì í gbọ́ sí igba. Ní ti ìgbá, ohùn òkè tó tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ kì í fò, ńṣe ló ń yọ́ gòkè; ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun.

Àléébù ibẹ̀ ni pé ìlà tí a yà kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ onílù a máa fẹ ohùn rẹ̀ lójú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. A lè fi mod wheel darí bí àmì náà ṣe lágbára tó; ìrísí kò ní yẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní sọnù.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́kọ́jà lè jẹ́ Yorùbá, Ígálà, Ẹ̀bìrà tàbí Núpé. Èdè olóhùn ni gbogbo wọn. A dábàá pé kí a má ṣe fi dídùn nìkan gba máàkì sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹlẹgbẹ́ wọn tó gbọ́ èdè náà tẹ́tí sí iṣẹ́ wọn, kí ó kọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sílẹ̀.