Ìwé Yòókù Dà? Lórí Idán Àsọtẹ́lẹ̀ Káàdì

Nínú gbogbo idán tí wọ́n ń fi káàdì pa, àsọtẹ́lẹ̀ ni mo gbà pé ó ṣòro jù láti ṣe dáadáa. Onídán á kọ nǹkan sínú ìwé, á lẹ̀ ẹ́ pa, á gbé e sórí tábìlì. Òǹwòran á mú káàdì tó wù ú. Wọ́n á tú ìwé, káàdì yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Ó parí. Kò sí èéfín, kò sí ẹyẹlé. Ohun tó ń yani lẹ́nu níbẹ̀ ni òmìnira: "Ṣebí èmi ni mo fọwọ́ ara mi yàn án!" Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí mo bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ẹ̀yìn irú idán yìí ṣe dára tó, ìbéèrè kan ni mo máa ń bèèrè: kí ló jí lọ́wọ́ òǹwòran?

Ẹ jẹ́ ká fi Whot dán an wò, torí òun ló wà nílé gbogbo wa, láti Bárígà dé Ọbaníkòró. Páákì Whot tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ní káàdì 54, kò sì rí bíi páákì 52 tòyìnbó rárá. Kò ní 6, kò ní 9. Róbótó jẹ́ 12, ìràwọ̀ jẹ́ 7 péré. Káàdì 12 kò ju méjì lọ, 20 sì jẹ́ márùn-ún. Ẹni tó bá kàn gbé ọgbọ́n inú ìwé òyìnbó lé e lórí, idán náà lè dójú tì í.

Ọgbọ́n kìíní ni kí onídán dọ́gbọ́n fi káàdì tó ti mọ̀ lé òǹwòran lọ́wọ́. Káàdì òkè pátápátá ló kọ sínú ìwé. Á ní kí òǹwòran gé páákì sí méjì, kó gbé ti òkè sílẹ̀, òun á wá gbé ti ìsàlẹ̀ dábùú lé e, "ká lè mọ ibi tẹ́ ẹ ti gé e." Á fi ọ̀rọ̀ fà á díẹ̀, kí ojú kúrò níbẹ̀. Bó bá gbé ìdajì tó dábùú kúrò, káàdì tó kàn lábẹ́ rẹ̀ ni káàdì òkè àtijọ́. Ó rọrùn, páákì kí páákì ló sì gbà á. Àmọ́ yíyàn gan-an ló jí. Ẹni tó bá rò ó padà nílé á mọ̀.

Ọgbọ́n kejì, ìwé márùn-ún ni. Ẹ yọ 20 kúrò, ó ku àwòrán márùn-ún: róbótó, onígun mẹ́ta, àgbélébùú, onígun mẹ́rin, ìràwọ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì, ọ̀kan wà lábẹ́ àwo, ọ̀kan nínú àpò ẹ̀wù, ọ̀kan lẹ́yìn fóònù, ọ̀kan nínú páálí Whot. Èyí tí òǹwòran bá dárúkọ ni onídán á fi hàn. Òmìnira yíyàn pé pérépéré níbí. Ojú ló jí: òǹwòran ò ní rí ìwé mẹ́rin yòókù láéláé.

Ọgbọ́n kẹta, Martin Kruskal, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ni ín. Òǹwòran á fi nọ́ńbà kan sínú, láti 1 dé 10. Onídán á máa ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 4 ló mú, káàdì kẹrin ni tirẹ̀. Bí káàdì yẹn bá jẹ́ 7, á ka méje síwájú, á tún mú èyí tó bá dé. Á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí káàdì ò fi ní tó kà mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn ni àsọtẹ́lẹ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé ibi yòówù téèyàn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì tó bá ti pàdé lẹ́ẹ̀kan kì í pínyà mọ́. Lórí páákì 52, tí wọ́n bá ka àwọn káàdì alágbára sí 5, ó ń bọ́ sí i bí ìgbà 85 nínú 100.

Whot kọ́kọ́ bà á jẹ́. Àpapọ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 442. Ìṣísẹ̀ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8.2, ó ti gùn jù, ọ̀nà ò ní pàdé tó. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: ẹ ro nọ́ńbà inú káàdì pọ̀, kí 14 di 5, kí 20 di 2. Àpapọ̀ á wálẹ̀ sí 190, ìṣísẹ̀ á di bíi 3.5. Lẹ́yìn náà, kóòdù kékeré kan lè yẹ ibi ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò. Èyí tó bá yà bàrá, ẹ pààrọ̀ ipò káàdì títí gbogbo wọn á fi parí síbì kan náà. Òǹwòran lómìnira tòótọ́. Ohun tó pàdánù ni pé kò lè po káàdì pọ̀. Ó falẹ̀ o, ẹni tó bá sì ṣi kíkà ti ba idán jẹ́, àmọ́ òun ni mo fún ní ipò kìíní.

Kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí? Ní Onípáànù, tí kò jìnnà sí Ọbaníkòró, ni wọ́n ti yìnbọn pa Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, lọ́dún 1997. Ọkùnrin yìí lọ kọ́ iṣẹ́ idán ní Íńdíà, ó sì ń pa á lórí ìtàgé, níwájú èrò. Síbẹ̀, ìbéèrè ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni pé kí ló dé tí kò fi pòórá. Oògùn ni wọ́n rí, wọn ò rí iṣẹ́. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé iṣẹ́ tó ní ọgbọ́n ni, kò ní dá ọgbọ́n yẹn mọ̀ níbi tí kò ti sí ìtàgé.

Ẹ wo àwọn tó ń ta àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù lórí Telegram. Ká ní ẹnì kan ní nọ́ńbà èèyàn 1,024. Ó fi "over 2.5" ránṣẹ́ sí ìdajì, ó fi "under" ránṣẹ́ sí ìdajì. Àwọn 512 tó bọ́ sí fún nìkan ló tún kọ sí. Bó bá fi di eré kẹwàá, ó ku ẹnì kan ṣoṣo tó ti rí àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́wàá tó ṣẹ léraléra. Ẹni yẹn lè tìtorí rẹ̀ yáwó. Ọgbọ́n kejì náà ni, ìwé rẹ̀ ló kàn pọ̀ sí i. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Onídán sọ fún wa pé òun máa tàn wá jẹ, a sì rẹ́rìn-ín lọ sílé. Èyí ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Torí náà, bí ẹnì kan bá fi àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣẹ hàn yín, ẹ má wulẹ̀ yẹ èyí tó fi hàn wò. Ẹ ní kó kó ìwé yòókù wá.