A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Fìlà, Gèlè àti Ojú Kámẹ́rà

Nínú àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Nàìjíríà tí òkìkí iṣẹ́ wọn ti kàn dé òkè òkun, bóyá ni a lè rí ẹni tí ọ̀rọ̀ orí ká lára tó J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014). Ní ọdún 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àti irun kíkó, títí àwòrán náà fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó sì tún ya gèlè. A pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kassel ní ọdún 2007 àti ní Venice ní ọdún 2013. Ìyìn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti sọ nípa rẹ̀, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ìbéèrè tèmi kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí àwọn onífọ́tò ìsinsìnyí bá ń fi ọ̀nà tí ó gbà ya irun ya fìlà, kí ni ó ń sọnù?

Ẹ̀yìn ni Ojeikere sábà máa ń dúró sí. Ẹni tí ó ń yà kọjú síbòmíràn; òfìfo ni ohun tó yí orí náà ká. Nínú èyí tí ó pè ní Onílé Gogoro tàbí Àkàbà (1975), irun tí a fi òwú kó ni ó nà sókè bí ilé alájà púpọ̀. Nítorí pé kò sí ojú tí yóò gba àfiyèsí wa, ọwọ́ onídìrí ni a ń wò: bí ó ṣe la irun, ibi tí ó ti fa òwú le, ibi tí ó ti dẹ̀ ẹ́. Mo gbà pé kò sí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ láti fi hàn pé iṣẹ́ ọnà ni irun. Ó tún pa orúkọ irun mọ́, oore ńlá sì ni. (Gèlè náà ní onílé gogoro tirẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ pé irun àti gèlè jọ ń fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe fáàrí.) Ṣùgbọ́n orúkọ onídìrí kò sí nínú àkọlé, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó ni orí kò sí níbẹ̀.

Irun lè fara da èyí. Bí onídìrí bá ti ṣe é parí, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí di ọjọ́ tí a ó tú u. Fìlà kò rí bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ hun aṣọ òkè, aránṣọ gé e, ó rán an, ó fi abẹ́rẹ́ kó ọnà sí i lára. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tíì parí. Ọwọ́ ẹni tí yóò dé e ni yóò parí rẹ̀. Gọ̀bì tí a tẹ́ sórí tábìlì kò ju àpò gígùn kan lọ. Ìgbà tí orí bá wọ inú rẹ̀, tí a tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì, tàbí tí a dà á sẹ́yìn, ni ó tó di gọ̀bì. Abetí-ajá náà ń dúró de ẹni tí yóò gbé etí rẹ̀ sókè tàbí tí yóò fà á bo etí nígbà òtútù. Àwọn kan a máa sọ pé apá tí a tẹ fìlà sí ni a fi ń mọ ọkùnrin tí ó ti gbéyàwó. N kò rò pé òfin kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ wà. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọ̀rọ̀ ni títẹ̀ náà, ẹni tí ó ni orí ni ó sì ń sọ ọ́.

Ilé fọ́tò Yorùbá àtijọ́ mọ èyí. Nínú àpilẹ̀kọ tí Stephen Sprague tẹ̀ jáde ní ọdún 1978 lórí bí Yorùbá ṣe ń rí ara wọn nínú fọ́tò, ó ṣàpèjúwe ìjókòó àgbà: ojú kọ kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ lórí itan, aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ara pé láti orí dé ẹsẹ̀. Fìlà wà lórí ẹni tí gbogbo ilé mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: lára owó ọgọ́rùn-ún náírà tí ó jáde ní ọdún 1999, fìlà, awò àti ojú kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Nígbà tí ọjà sì ń pe irú fìlà kan ní fìlà Awólọ́wọ̀, orí ni ó fún fìlà lórúkọ.

Ẹ wá wo ohun tí a ń rí lónìí. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń múra Ojúde Ọba tí ó máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún náà, fọ́tò fìlà tuntun a gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Púpọ̀ nínú fìlà wọ̀nyí ni ó wà lórí orí ike tí kò ní ojú, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, iná tọ̀tún tòsì títí tí òjìji kankan kò fi ṣẹ́ kù. Orúkọ onífọ́tò wà ní igun ìsàlẹ̀, orúkọ ilé ìtajà wà lókè. Ta ni ó hun ún? Ta ni ó rán an? Mo mọ̀ pé oníṣòwò ní àwíjàre: ẹni tí ó fẹ́ ra fìlà láti Lọ́ńdọ̀n fẹ́ rí àwọ̀ àti ọnà rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n Ojeikere yọ ojú kúrò kí á lè rí ọwọ́. Àwọn wọ̀nyí yọ ojú àti ọwọ́ kúrò pọ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí; fìlà ni a wá ń dé lẹ́yìn olórí báyìí. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé fọ́tò tí ayé pín kiri jù lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2024, ti Farooq Oreagba lórí ẹṣin, ìta gbangba ni a ti yà á.

Síbẹ̀ n kò sọ pé ilé fọ́tò kò lè ṣe é. Ní ọ̀kan ní Agọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti lọ ya fọ́tò pélébé, mo bá bàbá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó dé gọ̀bì ẹtù. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún débi pé òjìji rẹ̀ bo ojú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin onífọ́tò náà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe," ó sì nà án ṣánṣán. Bàbá jẹ́ kí ó parí, ó wá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ padà. "Ọmọ mi, bí mo ṣe ń dé e nìyẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Onífọ́tò ṣàlàyé pé iná kò dé ojú ọ̀tún. Bàbá ní kí ó gbé iná náà wá, kí ó fi fìlà òun sílẹ̀. Nínú gbogbo àpérò tí mo ti jókòó sí lórí iṣẹ́ ọnà, n kò tíì gbọ́ àríyànjiyàn tí ó ṣe pàtó tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbé iná náà. Fọ́tò méjì ni ó tẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn. Èyí tí fìlà ti tẹ̀ ni bàbá gbé lọ sílé. Nígbà tí mo padà lọ gba tèmi, èyí tí ó nà ṣánṣán ni mo bá tí ó gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà.