Nídìí Àgbá Kẹrosíìnì

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nílẹ̀ wa, ìdí abọ́ ìfọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mi àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn, wọn kò jẹ́ kí n fi sípánà kan ẹ́ńjìnì. Abọ́ ike ńlá kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ti jẹ tán àti bẹntiróòlù díẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá tú lára mọ́tò, iwájú mi ni wọ́n á sọ ọ́ sí: "Fọ ìyẹn kíá!" Mo fọ kábúrétọ̀ Peugeot 504 títí tí oúnjẹ fi ń rùn bẹntiróòlù lẹ́nu mi. Tó bá di alẹ́, ọwọ́ mi á funfun bí ọwọ́ ẹni tó gún ẹfun, awọ ìka á sì la. Tí mo bá wá fi òkèlè bọ ọbẹ̀ ata, ẹkún ló kù.

Bí ojú ihò kábúrétọ̀ bá dí, ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ òjé wà nínú bẹntiróòlù nígbà náà; ó di ọdún 2006 kí àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó jáwọ́ nínú irú epo bẹ́ẹ̀. Àwa kò mọ̀. Bá a bá ti tutọ́, a gbà pé ó ti tán nìyẹn.

Iná ló wá lé mi kúrò nídìí bẹntiróòlù. Ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa ń fọ gíábọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá alákàrà wà létí ọ̀nà, ó jìnnà sí i díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣáná, kò sẹ́ni tó mu sìgá. Ṣùgbọ́n oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ bí ejò. Ó wọ́ dé ìdí àdògán, iná sì tọ ipa rẹ̀ padà wá sínú abọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì ló jó. Ó yè é, àmọ́ kò padà sídìí iṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á: bẹntiróòlù kò dúró de oòrùn, níbi tó tutù dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, tí omi ti di yìnyín, ó ṣì lè gbaná. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 38 kí oru rẹ̀ tó lè gbaná, díísù sì kọjá 50. (Kẹrosíìnì gidi ni mò ń wí o. Èyí tí àwọn ọ̀dájú bá fi bẹntiróòlù là, bẹntiróòlù náà ni.)

Nígbà tí mo wá ní ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́yìn ilé, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni àgbá ìfọ̀. Dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì onílítà 200 ni mo rà, mo gé orí rẹ̀ kúrò ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣíṣẹ̀lì àti òòlù ni mo fi gé e, ó gbà mí ní odidi ọ̀sán, nítorí mi ò jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án. Dúrọ́ọ̀mù tó bá ti gbé epo rí, òfìfo rẹ̀ léwu ju kíkún rẹ̀ lọ. Mo wá gbé sííǹkì ìdáná, èyí tí kì í dípẹtà, tí wọ́n tú nínú ilé kan tí wọ́n wó, lé ẹnu àgbá náà. Ó jókòó pẹ́ẹ́ bí ìdérí lórí ìkòkò. Ohun tí mo bá fọ̀ nínú sííǹkì, inú àgbá ni epo rẹ̀ ń ro padà sí.

Inú àgbá yìí gan-an ni adùn wà. Mo da omi lítà 20 sí ìsàlẹ̀, mo da kẹrosíìnì lítà 40 lé e. Kẹrosíìnì fúyẹ́ ju omi lọ, àwọn méjèèjì kì í sì í pò. Yanrìn àti ẹ̀rún irin tó bá já bọ́ á la kẹrosíìnì kọjá, á lọ sùn sínú omi nísàlẹ̀. Ẹnu rọ́bà tí póńpù fi ń fa epo kò dé ibi tí omi wà, ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ jìn sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí ń lọ sùn, epo tó mọ́ ń gòkè wá. Lóṣooṣù mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi ìdí àgbá, mo ń gba omi dúdú náà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì ń da òmíràn rọ́pò. Ibi tí omi dúdú yẹn ń lọ ṣì ń dùn mí lọ́kàn. Mò ń kó o fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù, gọ́tà kò tọ́ ọ wò rí, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Póńpù ló fìyà jẹ mí. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò ni ti omi tí à ń tú sí gíláàsì iwájú mọ́tò, torí ó pọ̀ nílẹ̀. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Kẹrosíìnì mú rọ́bà inú rẹ̀ wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi. Mo wá lọ sí ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Gate, mo ra póńpù epo kékeré oníbátìrì, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìta táǹkì mọ́tò oníkábúrétọ̀. Mo fi fílítà díísù sí ẹnu rẹ̀, mo so òòfà sípíkà kan tó ti kú sí ìdí sííǹkì. Bátìrì àti súwíìṣì wà lára ògiri lọ́hùn-ún, wọn kò sí lórí àgbá. Ìdérí irin wà lókè, ṣéènì ló gbé e ró, mo sì fi léèdì tí àwọn atúnrédíòṣe ń lò so ṣéènì náà níbì kan. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, léèdì á yọ́, ìdérí á bò ó mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí.

Àwọn kan ní kí n lo sóódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò. Irin lásán ni ó dára fún. Mo ti fi kábúrétọ̀ kan ṣòfò sínú rẹ̀: ó hó, ó dúdú, ó jẹ ẹ́.

Ohun tí àgbá yìí fún mi ju ìmọ́tótó lọ. Nídìí bẹntiróòlù, ìkánjú ni. Ó ń gbẹ lójú rẹ, ó ń ta ọ́ lójú, o fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nídìí àgbá, epo ń ṣàn láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ojú ń ríran. Alhaja kan gbé Camry wá, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Big Daddy. Omi rẹ̀ ń tán, ó ti pààrọ̀ rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn. A tú orí ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sì jókòó ti àwọn bóòtù rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pè mí.

"Ọ̀gá, eléyìí kò mọ́. Nǹkan kan lọ́ mọ́ ọn."

Mo gbà á, mo yí i sí oòrùn. Fọ́nrán kan tó ń dán lọ́ mọ́ ẹ̀yìn bóòtù náà yíká bí òwú lára ìrànwú. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ojú ihò tí bóòtù ń dì mú nínú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló bá a jáde. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì 2AZ-FE tó wà nínú Camry náà ló ti sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí irin rírọ̀ ni ara rẹ̀. Ká ní ìgbà tèmi ni, mi ò bá ti ha fọ́nrán náà dànù kí n tó sọ pé ó ti mọ́, a ò bá sì ti fi gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dí ohun tí kò lè dí. A lu ihò náà kó fẹ̀ sí i, a fi ojú irin líle sí i, mọ́tò náà sì ń lọ títí di òní. Ọjọ́ yẹn ni mo fún ọmọ náà ní sípánà.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn aládùúgbò máa ń gbé kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọn wá. N kì í gbowó lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà: ṣé bẹntiróòlù ṣì wà nínú rẹ̀? Bó bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì yín lọ́hùn-ún kí ẹ tó wọlé.