Etí Kejì

Káfíńtà ní àga tó lè nawọ́ sí, télọ̀ ní aṣọ. Ní ti àwa olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, gbàrà tí aláìsàn bá ti panu dé, ohun tí a jọ ṣe ti bá atẹ́gùn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó pe ẹlòmíràn wọlé, tí mo sì ń fi ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí àwọn akẹgbẹ́ mi. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Ohun tí ẹnu ṣe là ń kọ, kì í ṣe ohun tí a rò. "Ọmọ yìí ò lè pe gb" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣé b ló fi rọ́pò rẹ̀ ni, àbí g? Ṣé ètè méjèèjì pàdé, àbí ẹ̀yìn ahọ́n nìkan ló gbéra? Inú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti hù. Ní 1861, Paul Broca, oníṣẹ́ abẹ ní Paris, ròyìn aláìsàn kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ọkùnrin tó ti lo ọdún 21 nílé ìwòsàn Bicêtre, tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ, àmọ́ tó jẹ́ pé "tan" ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo. Bí inú bá bí i nìkan ni èébú máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ geere.

Àwọn ìwé tí a kà ní yunifásítì, ẹnu elédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ wọ́n fún. Àwòrán 60 ló wà nínú Boston Naming Test, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá orúkọ nǹkan ti sá mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Ilé tí wọ́n fi yìnyín kọ́ wà níbẹ̀, ewébẹ̀ asparagus náà wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà á kàn máa wò wọ́n ni, kì í sì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀ ló fà á. A fi odó, abẹ̀bẹ̀ àti àtùpà rọ́pò wọn, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà pe àtùpà ní fìtílà: ṣé ó gbà á ni, àbí ó kùnà? Ọmọ ọmọ rẹ̀ ò tilẹ̀ rí irú rẹ̀ rí.

A kì í kọ orúkọ aláìsàn, a kì í kọ agbo ilé rẹ̀. Nílùú tiwa, agbo ilé nìkan ti tó láti dá èèyàn mọ̀.

Ọmọdé ilẹ̀ wa kì í là á mọ́ àgbà lójú pé kò gbọ́ nǹkan dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá di orí ìwé, ó láyà láti béèrè. Mo kọ nípa bàbá kan pé ọ̀rọ̀ kankan ò jáde, àfi kó máa kùn. Èyí tó kéré jù nínú wa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohùn ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?" Nígbà tí bàbá padà wá, mo tẹ́tí sí i. Mo fi ọ̀bẹ hàn án, ó kùn dò-re. Mo fi àdá hàn án, ó kùn dò-mí. Kọ́ńsónáǹtì ti lọ, fáwẹ́lì ti dàrú, ohùn dúró. Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀. Bí bàbá bá ti wá kùn re-dò nídìí oúnjẹ, ìyá á bu ọbẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ re-dò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nídìí àmàlà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn o. Akẹgbẹ́ mi kan ní Ìlọrin ní aláìsàn tí kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ já gaara, tó sì ń pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà. Ó ní ibi tí ọgbẹ́ wà nínú ọpọlọ ló fà á. Mo ní kó kọ́kọ́ wò ó bóyá aláìsàn náà ń gbọ́ ìyàtọ̀ wọn bí ẹlòmíràn bá pè wọ́n. Mo ṣì ń retí èsì rẹ̀.